Fóòmù, Àgò Nẹ́ẹ̀tì, àbí Kí Pọ́ǹpù Kúrò Nínú Táńkì? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Sin Anẹ́mónì

Anẹ́mónì kì í ṣe òdòdó, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹranko ni. Ó ní ẹnu, ó ní ọwọ́ rírọ̀ púpọ̀ tó yí ẹnu náà ká, ó sì ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń kó o sí wàhálà. Bí ibi tó wà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tú ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò máa wọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta tàbí lára gíláàsì, lóru pàápàá, títí yóò fi dé ibi tí omi ti ń lọ dáadáa. Nínú táńkì ilé, ibi tí omi ti ń lọ dáadáa jù lọ ni ẹnu pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń sin nǹkan inú òkun nílé ni Entacmaea quadricolor, èyí tí orí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wú rogodo. Ó fẹ́ràn kó ki ẹsẹ̀ bọ pàlàpálá òkúta, kó sì na ọwọ́ síta sínú ìmọ́lẹ̀, torí pé àwọn ewé omi tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó, omi tó ń lù ú tààrà, iyọ̀ tó ń lọ sókè sódò, táńkì tó ṣì tuntun: èyíkéyìí nínú wọn lè mú kó ṣí kúrò. Kódà èyí tó ti jókòó sójú kan láti ọdún mélòó kan lè là sí méjì, torí bó ṣe ń bí sí i nìyẹn, kí ọ̀kan jókòó, kí ìkejì máa wá ilé kiri. Ẹni tó bá ń sọ pé “tèmi kì í rìn” kò tíì bá a níbi tó ti ń rìn ni.

Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ẹnu pọ́ǹpù. Ọwọ́ kan á yọ́ gba àárín ihò, omi á fà á gùn títí á fi kan abẹ̀bẹ̀ tó ń yí. Abẹ̀bẹ̀ á gé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti wọlé. Anẹ́mónì kò ní eegun tí yóò fi há sẹ́nu ihò, nítorí náà gbogbo ara rẹ̀ lè tẹ̀lé ọwọ́ kan wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi á ti dà rú, wẹ́wẹ́ ẹran á máa léfòó, ẹja á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi. Ara anẹ́mónì kún fún oró tó fi ń ta ẹran ìjẹ rẹ̀, ẹran rẹ̀ tó bá sì ń jẹrà máa ń tú amóníà, tó jẹ́ májèlé fún ẹja, sínú omi. Ikú ẹyọ kan lè kó gbogbo táńkì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ẹran tó lè pẹ́ láyé gan-an ni. Lọ́dún 1828, Sir John Dalyell mú anẹ́mónì kan ní etíkun Scotland, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Granny. Inú ìkòkò gíláàsì ni wọ́n ti ń sìn ín, wọ́n sì ń pààrọ̀ omi òkun rẹ̀ déédéé. Dalyell kú ní 1851. Anẹ́mónì náà wà láàyè títí di 1887. Kò sí pọ́ǹpù nínú ìkòkò yẹn.

Kí ni iṣẹ́ ààbò gan-an?

Ọ̀pọ̀ ń rò pé dídí ihò ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Dídí ihò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń fà tó ní ẹnu pọ́ǹpù ló ṣe pàtàkì jù, ìyẹn sì dúró lórí bí ẹnu náà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Pọ́ǹpù tó ń gbé lítà 3,000 ní wákàtí kan ń gbé nǹkan bíi lítà 0.83 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹnu tó fi ń fa omi bá fẹ̀ tó 20 cm², omi á máa wọ ibẹ̀ pẹ̀lú eré tó tó 42 cm ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wá ṣe àgò roboto tó fẹ̀ ní 8 cm, tó sì ga ní 8 cm yí i ká: ẹ̀gbẹ́ àgò náà á tó 200 cm², omi kan náà á sì máa wọ ibẹ̀ pẹ̀lú eré 4 cm péré. Bí ara nẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ gba ìdajì ààyè, eré omi nínú ihò rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi 8 cm lọ. Iye omi tí pọ́ǹpù ń gbé kò yí padà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n anẹ́mónì tó bá gun àgò yẹn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò.

Ohun tí mo fi ń wọn gbogbo ààbò nìyí: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, báwo ló ṣe jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ tó, ta ni yóò sì máa fọ̀ ọ́? Ìbéèrè kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn nínú ilé ìtajà.

Fóòmù

Òun ló rọrùn jù. Ẹ ra fóòmù oníhò ńlá tí wọ́n ń tà fún táńkì ẹja, èyí tó ní ihò 10 sí 20 nínú íǹṣì kan. Ẹ fi ọ̀bẹ lu àárín rẹ̀, ẹ tì í bọ ẹnu pọ́ǹpù, ó parí. Ọwọ́ anẹ́mónì kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, kódà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò ní rí ọ̀nà. Ká sọ ti dídí ọ̀nà nìkan, kò sí èyí tó ju fóòmù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dí anẹ́mónì lọ́nà máa ń dí gbogbo nǹkan mìíràn: oúnjẹ ẹja, ìgbẹ́ ẹja, ewé omi tó já. Ẹ fún fóòmù tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú táńkì tí wọ́n ń bọ́ dáadáa sínú korobá, ẹ ó rí i bí omi ṣe máa pọ́n rúsúrúsú, tí òórùn á sì bá a jáde. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́, inú táńkì ni gbogbo ìdọ̀tí yẹn ti ń jẹrà, náítíréètì, ohun tí ìdọ̀tí tó jẹrà ń dà nínú omi, á sì máa gòkè láìjẹ́ pé ẹ mọ ibi tó ti ń wá.

Ohun tó ń ṣe sí pọ́ǹpù tún wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré ayé àtijọ́, bíi Maxi-Jet, ẹnu rẹ̀ tóóró, ó sì lè fa omi gba inú ohun tó dí díẹ̀. Àwọn ti ìsinsìnyí, bíi Koralia ti Hydor, Nanostream ti Tunze àti VorTech ti EcoTech, abẹ̀bẹ̀ ńlá ni wọ́n ní. Omi púpọ̀ ni wọ́n ń tì pẹ̀lú iná díẹ̀, wọn kì í sì í gba ìdíwọ́ rárá. Fóòmù tó ti dọ̀tí lẹ́nu irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ á sọ omi tó ń tú jáde di díẹ̀, ẹ̀rọ á máa kùn, iyùn tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ fi hàn pé omi kò dé ọ̀dọ̀ òun mọ́.

Fóòmù yẹ fún pọ́ǹpù ẹnu tóóró àti fún páìpù asẹ́ tó wà níta táńkì. Ó tún yẹ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí anẹ́mónì tuntun ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nínú omi iyọ̀ tí ẹ yọ láti inú táńkì, láìsí ọṣẹ. Kí ẹ ní méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tí èkejì bá ń gbẹ. Ẹni tí irú ìfọ̀ báyìí bá ti ń sú kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tètè mú ohun mìíràn.

Àgò nẹ́ẹ̀tì

Èyí ni mo fara mọ́ jù fún pọ́ǹpù abẹ̀bẹ̀ ńlá, ìṣirò tó wà lókè yẹn sì ni ìdí rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ike tó le díẹ̀ ni ẹ nílò, irú èyí tí wọ́n fi ń bo gọ́tà òrùlé kí ewé má bàa kún inú rẹ̀. Ilé ìtajà irinṣẹ́ ilé ń tà á. Kí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3 sí 5. Ní táńkì tí anẹ́mónì ti ń là déédéé, 3 ni kí ẹ mú. Ẹ ká a roboto, ẹ fi okùn ike so ojú ibi tó ti pàdé, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì mìíràn dí ìdí rẹ̀, kí ó bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù níbi tí omi ń gbà wọlé.

Àlàfo ni gbogbo ọ̀rọ̀ níbí. Láàárín nẹ́ẹ̀tì àti ara pọ́ǹpù, kí ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 3 sílẹ̀. Ọwọ́ anẹ́mónì tó rọ̀ lè gba ihò mílímítà 5 kọjá, ìyẹn kò burú, tí kò bá ṣáà ti ní bá abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń wé nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara pọ́ǹpù pinpin, tí wọ́n fi rọ́bà dè é, kò ṣe ju pé wọ́n sọ ihò ńlá di ihò kéékèèké lọ: eré omi kò dín kù, abẹ̀bẹ̀ kò sì jìnnà. Irú èyí ló máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé nẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́.

Iwájú tí omi ń tú jáde ńkọ́? Bí pọ́ǹpù kì í bá dúró, ẹ lè ṣí i sílẹ̀, omi tó ń tú jáde kò ní jẹ́ kí ohunkóhun wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń pa á nígbà tí ẹ bá ń bọ́ ẹja, tàbí tí ó jẹ́ irú èyí tó ń dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì oníhò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ bo iwájú náà.

Ike nìkan ni kí ẹ lò. Nẹ́ẹ̀tì onírin á dógùn-ún nínú omi iyọ̀, títí kan ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń pè ní èyí tí kì í dógùn-ún. Ní ti kọ́pà, díẹ̀ rẹ̀ péré nínú omi ń pa anẹ́mónì, edé àti ìgbín. Èyí kan wáyà tí ẹ bá fẹ́ fi so àgò náà pẹ̀lú.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le bíi ti fóòmù. Ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ewé omi kúrò lára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, èèpá aláwọ̀ àlùkò tó le bí òkúta á ti máa fún ihò rẹ̀ pọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú ọtí kíkan tí ẹ fi omi là dọ́gbadọ́gba, ẹ ha á, ẹ ṣan án dáadáa. Kí ẹ má ṣe tan pọ́ǹpù nígbà tí àgò rẹ̀ bá wà nínú ọtí kíkan. Kí ẹ ní i ní méjì, bíi ti fóòmù.

Kò rẹwà ṣá o. Ẹni tó ná owó gidi lórí táńkì lè má fẹ́ rí àgò dúdú nígun rẹ̀. Ẹ̀yìn òkúta ni kí ẹ gbé e sí.

Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀

EcoTech fúnra wọn ń ta ìbòrí fóòmù fún VorTech. Ó bá a mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n fóòmù ni, gbogbo ohun tí mo sọ nípa fóòmù kàn án. Ihò tí ilé iṣẹ́ là sí ara pọ́ǹpù láti ilẹ̀ kò tó ní tirẹ̀: ẹja àti ìgbín ni wọ́n fi ń lé. Gyre ti Maxspect tiẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì gùn bákan náà, nítorí náà ibi tí anẹ́mónì lè gbà wọ̀ ọ́ pọ̀.

Àgò tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ dára bí ẹni tó yà á bá mọ ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi PETG, irú ike kan, ṣe, kí ẹ sì wò ó bóyá ó fẹ̀ kúrò lára pọ́ǹpù tàbí ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn kò ju nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé pinpin yẹn lọ, owó rẹ̀ ló kàn pọ̀ jù.

Kí pọ́ǹpù kúrò nínú táńkì

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni pé kó má sí abẹ̀bẹ̀ kankan níbi tí anẹ́mónì wà. Pọ́ǹpù ńlá á wà nínú táńkì ìsàlẹ̀, ìyẹn táńkì kejì tó wà lábẹ́ ti ẹja, á máa gbé omi gòkè gba ẹnu páìpù méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ dorí wọn kọ ibi tó yàtọ̀ síra. Fún táńkì kékeré tí iyùn inú rẹ̀ jẹ́ àwọn tó rọ̀, èyí lè tó. Fún iyùn olókùúta tó ń fẹ́ omi líle, kì í sábà tó, àfi kí owó iná máa gòkè.

Ewu sì ṣì wà, ó kàn pààrọ̀ àdúgbò ni. Omi tó gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń gba ibi onéyín tó wà létí táńkì lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n gé bí eyín kí omi lè gbà á sọ̀ kalẹ̀. Anẹ́mónì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kò ní gé e níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ki ara bọ páìpù, yóò dí i, pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ kò sì ní mọ̀: yóò máa gbé omi gòkè lọ títí omi á fi dà sílẹ̀ yàrá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ fóòmù pátápátá níbí yìí. Fóòmù tó dọ̀tí ń ṣe ohun kan náà tí anẹ́mónì ń ṣe. Nẹ́ẹ̀tì ike oníhò mílímítà 6 ni kí ẹ lò, kó ga kọjá ojú omi, kó sì fẹ̀ ju ibi onéyín náà lọ. Kí páìpù ìsọ̀kalẹ̀ kejì tún wà tí kò ní nẹ́ẹ̀tì kankan, tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó jẹ́ pé ìgbà tí èkíní bá dí ni omi tó ń dé ibẹ̀. Iye omi tó wà níbi pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí táńkì òkè lè gbà láìkún lọ.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ ìmúgbóná. Anẹ́mónì tó gun orí rẹ̀ á jóná. Táńkì ìsàlẹ̀ ni kó lọ pẹ̀lú.

Erékùṣù òkúta

Àwọn kan ń gbé anẹ́mónì sórí òkúta kan ṣoṣo láàárín yanrìn, tí òkúta yẹn kò kan gíláàsì tàbí òkúta mìíràn. Anẹ́mónì kì í fẹ́ rìn lórí yanrìn, nítorí náà ó ń dín ìrìnkiri kù, kò sì ní lè ta àwọn iyùn tó kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í rọ́pò ààbò kò mọ̀ pé anẹ́mónì tó bá fẹ́ lọ jìnnà lè jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ pátápátá, kó léfòó, kí omi gbé e, tààrà sí ẹnu pọ́ǹpù.

| Ọ̀nà | Ibi tó ti dára | Àbùkù rẹ̀ | Fífọ̀ |
|---|---|---|---|
| Fóòmù | Pọ́ǹpù ẹnu tóóró, páìpù asẹ́, ààbò fúngbà díẹ̀ | Ó ń kó ìdọ̀tí jọ, ó ń pa agbára abẹ̀bẹ̀ ńlá | Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ |
| Àgò nẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ | Pọ́ǹpù abẹ̀bẹ̀ ńlá | Kò rẹwà, ó ń gba ààyè | Ẹ wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọtí kíkan lóṣooṣù |
| Àgò 3D | Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ ṣe é | Ọ̀pọ̀ wọn lẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù jù | Bíi ti nẹ́ẹ̀tì |
| Pọ́ǹpù nísàlẹ̀ | Táńkì tuntun tí ẹ ṣì ń tò | Omi lè dà sílẹ̀ bí ibi onéyín bá dí | Ibi onéyín, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ |

Ọ̀rọ̀ iná

Pọ́ǹpù tó ń dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀ léwu ju èyí tí kì í dúró lọ. Bó bá ti dúró, kò sí ohun tó ń lé anẹ́mónì sẹ́yìn. Á gun ẹnu rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á rọra jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni iná á dé. Ẹni tó ń sin irú táńkì yìí ní Èkó tàbí Ìbàdàn mọ ohun tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní London náà lè ṣe é fúnra rẹ̀ nípa títẹ bọ́tìnnì tó ń pa pọ́ǹpù láti bọ́ ẹja, tàbí nípa sísọ omi di jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lóru kó tó le padà láàárọ̀. Bí iná yín bá ń lọ léraléra, pọ́ǹpù kan ni kó kọ́kọ́ wà lórí ínfátà, kí ìmọ́lẹ̀ àti ohun tó kù dúró ná. Ẹja pàápàá á jàǹfààní, torí pé pọ́ǹpù yẹn ló ń da ojú omi rú kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ẹ má sì pa gbogbo pọ́ǹpù mọ́jú nítorí kí anẹ́mónì má bàa kú. Ẹja ni ẹ ó bá lókùú láàárọ̀.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí táńkì ti wà nílẹ̀, tí pọ́ǹpù abẹ̀bẹ̀ ńlá sì wà nínú rẹ̀, àgò nẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ ni, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ṣì ń tò ó, ẹ da owó sí táńkì ìsàlẹ̀ àti páìpù ìsọ̀kalẹ̀ méjì, kí ẹ wá fi pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó ní àgò kún un bí omi kò bá tó. Bí táńkì bá kéré, tí pọ́ǹpù ẹnu tóóró kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, fóòmù méjì tí ẹ ń pààrọ̀ tó yín.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò lemọ́lemọ́ tí kò sí ẹni tó lè fọ nǹkan fún un, kó fi anẹ́mónì sílẹ̀ ná. Clownfish, ẹja kékeré tó máa ń fi anẹ́mónì ṣe ilé, kò nílò rẹ̀ kó tó lè wà láàyè nínú táńkì. Bí ó bá jẹ́ tìtorí ẹja yẹn lẹ ṣe fẹ́ rà á, kò pọn dandan. Bó bá jẹ́ anẹ́mónì fúnra rẹ̀ ló wù yín, Phymanthus crucifer tó ti Caribbean wá kì í sábà rìn tó E. quadricolor. Clownfish kì í sábà gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ wuni.

Bó bá ti há

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ má fà á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tú pọ́ǹpù kúrò lára gíláàsì, kí ẹ ṣí iwájú rẹ̀ lábẹ́ omi nínú korobá tí ẹ bu omi táńkì sí, kí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ohun tó wé mọ́ ọn á fi tú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lẹ̀ mọ́ ara pọ́ǹpù, èékánná tàbí etí káàdì ike ni kí ẹ rọra tì bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ike oníhò nínú táńkì, níbi tí omi ti ń lọ jẹ́jẹ́. Èyí tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé lè san; àwọn tó ń sìn ín fún títà máa ń fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ó sì ń yè. Ẹ má fún un lóúnjẹ títí ẹnu rẹ̀ á fi dì. Bó bá ń yọ́, tó sì ń rùn, ẹ gbé e jáde kíá.

Ẹ fi asẹ́ kékeré kó gbogbo wẹ́wẹ́ ẹran tó ń léfòó, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi táńkì, ẹ fi èédú tuntun tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sí i, kí ẹ sì wọn amóníà lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Pọ́ǹpù yẹn kò gbọdọ̀ padà sínú táńkì láìní àgò.